Bí Mo Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Ka Ọjọ́ Kẹjọ ní Bẹyẹrunka

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi ṣe èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n á wá bá mi níwájú ilé ní Ìdí Arere, wọ́n á ní, "Bàbá Rísì, ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ṣé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ká kọ́ ni àbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?" N ó jókòó, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, n kò ní tíì dé ìdajì tí ọ̀kan nínú wọn á ti já lu ọ̀rọ̀ mi pé, "Ṣùgbọ́n Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àṣìṣe." Háà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ ti bá a jókòó rí? Èmi bá a jókòó. Èmi Gàníyù, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé kẹrin, èmi ni ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ọdún 1970 ni mo wọ iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò lọ títí. Ìyá mi mú mi lọ, ó kúnlẹ̀, Ọ̀gá ní kí n lọ pọn omi wá, mo pọn ọ́n, ó parí. Ní ti owó, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọmọṣẹ́ ayé ìgbà náà kì í bèèrè owó. Bí o bá jẹun tí o sì rí ibi sùn, o ti gbowó oṣù.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gá Búráímọ̀, tí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹyẹrunka. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òkè Mápó ni o ó máa wò. Ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá wúkọ́ lásán, gbogbo àwa ọmọṣẹ́ a ti dìde dúró. Káàdì ni iṣẹ́ wa jù: káàdì ìkómọ, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsọjí fún àwọn Aládùúrà, àti káàdì fídáù fún àwa Mùsùlùmí. Lẹ́tà òjé ni a fi ń tò ó nígbà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o ó máa ṣà á nínú àpótí, o ó máa tò ó láti ẹ̀yìn wá bí ẹni ń ka ìwé nínú dígí. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń fi kẹrosíìnì fọ lẹ́tà kí Ọ̀gá tó gbà kí n to ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ tò ni "Ìbàdàn", mo gbé e sódì, ó fi rúlà onírin gbá mi ní ìka ọwọ́. Títí di òní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìka náà á sọ fún mi.

Ohun tí Ọ̀gá máa ń sọ ni pé, "Ẹni tí o bá kọ orúkọ rẹ̀ sódì, yóò bú ọ, yóò sì dárí jì ọ́. Ẹni tí o bá kọ ọjọ́ rẹ̀ sódì, o ti tú ilé rẹ̀ ká."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nílé wa níbí, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í mú déètì wá sílé ìtẹ̀wé. Ta ló ráyè déètì? Ohun tí yóò sọ ni pé, "Bàbá jáde láyé lónìí, a ti sin wọ́n, ẹ bá wa tẹ káàdì ọjọ́ kẹjọ." Ó tán. Ẹ̀yin ni ẹ ó ka ọjọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó wá déètì, ohun tí ẹ bá tẹ̀ sí káàdì ni èrò yóò tẹ̀lé láti Ìwó, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti ibi gbogbo. Nítorí náà Ọ̀gá kì í fi ọjọ́ òkú ṣeré. Ìka ni ó fi ń kà á. Yóò di ọwọ́ oníbàárà mú, yóò máa ká ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà yóò lọ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, lẹ́yìn náà yóò tún ìka kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Kò pẹ́ tí mo dé tí ó fi dán mi wò.

"Gàní."

"Sà, Ọ̀gá mi."

"Ẹnìkan kú lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀?"

Mo kà á kíá. Orí mi pé, mi ò purọ́ fún yín. "Ọjọ́rú, sà."

Rúlà ti bà mí. "Kí lo kà ní ìkan?"

"Ọ̀la, sà."

"Òní ńkọ́? Òní tí wọ́n sunkún, tí wọ́n gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbé e wọlẹ̀, òní kò tó ọjọ́ lójú rẹ? Ìyá rẹ tó ń ná ọjà ọrọọrún, ṣé kì í ka ọjọ́ tí ó ná a mọ́ ọn ni? Òní ni ìkan! Òkú fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jókòó, kí àwọn ọjọ́ yòókù tó wá bá a. Tún un kà."

Mo tún un kà. Ìṣẹ́gun ní ìkan, Ọjọ́rú ní èjì, títí ó fi yí po tí ó tún bọ́ sórí Ìṣẹ́gun. Òun nìyẹn. Ẹni tí ó kú ní Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun ni fídáù rẹ̀. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n ní agboolé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ojú wo kàlẹ́ńdà, tí ó ń ṣírò rẹ̀ bí ìṣirò olùkọ́, yóò gbàgbé.

Irinṣẹ́ ń yípadà, èmi náà ń yípadà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí owó epo dé ìlú, máṣìn tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kúrò, èyí tó ń lo iná dé. Òǹtẹ̀ rọ́bà dé, èyí tí déètì wà lára rẹ̀, tí o ó máa fi àtàǹpàkò yí oṣù àti ọjọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé ń tẹ déètì àná ní òwúrọ̀ nítorí pé wọ́n gbàgbé láti yí i, èmi kò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Gàní Déètì láti Oríta-mẹ́rin dé Àrẹ̀mọ. Nígbà tí ojú Ọ̀gá wá ń ṣú, èmi ni ó pè nínú àwa mẹ́rin, ó kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì sọ fún mi lójú ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá kú, èmi ni kí n máa bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ kan tì í: "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ṣi ọjọ́ òkú kà, gbé kọ́kọ́rọ́ mi wá. Mi ò ní bá ọ jà." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi, Gàní Déètì?

Nígbà náà ni Táófíìkì gbé ẹrù rẹ̀ dé.

Táófíìkì, ọmọ àbúrò Ọ̀gá lóbìnrin, ọmọ ilé ìwé gíga, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ da ọ̀kan nù, ó tọrọ rẹ̀, ó fi ọmọlanke gbé e wá sí Bẹyẹrunka. Ẹ má rò pé irú èyí tí ẹ ń rí báyìí ni, tó ní àwòrán àti àwọ̀. Rárá o. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò, lẹ́tà rẹ̀ tútù bí ewé. Bí o bá tan án, yóò kọ àmì kan bí èjò tó lọ́ mọ́ igi, $, yóò sì dákẹ́. Kò ní sọ ohun tó fẹ́. Ìwọ ni kí o sọ.

"Kí ló ń wò báyìí?" Mo bi í.

"Ó ń retí àṣẹ ni, Bọ̀ọ̀dá Gàní. Ṣẹ́ẹ̀lì là ń pe ibi tẹ́ ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀ yẹn."

"Ṣẹ́ẹ̀lì ti ìgbín ni àbí ti ahun?"

"Ẹ̀yin náà ẹ̀! Ẹ tẹ date, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì ńlá yìí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ sí mi, ẹ wò ó: orúkọ ọjọ́ tí wọ́n gé lórí sí lẹ́tà mẹ́ta, oṣù ṣáájú ọjọ́, aago ní àárín, ọdún ní ìdí pátápátá. Bí ẹni tó wọ agbádá tán kó tó máa wá bùbá rẹ̀ kiri. Mo ní, "Táófíìkì, ta ló kọ́ eléyìí ní ìwé?"

Ó ní kí n má bínú, pé bí mo bá fẹ́ kí ó tò ó bí mo ṣe ń tò ó, àfi kí n sọ fún un. Ó fi hàn mí: date, àlàfo, àmì ròpọ̀, lẹ́yìn náà àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

date +%d/%m/%Y

d fún ọjọ́, m fún oṣù, Y ńlá fún ọdún ní kíkún. Y kékeré yóò gé ọdún ní ìdajì. A ńlá fún orúkọ ọjọ́ ní kíkún. H fún aago tí ń kà dé mẹ́rìnlélógún, I fún aago tí àwa ń lò. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kó gbogbo rẹ̀ sórí, ìwé kẹrin mi náà ni mo fi kó o. Táófíìkì fúnra rẹ̀ máa ń wo ìwé kó tó rántí. Mo bi yín, ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?

Ṣùgbọ́n ohun náà le jù lórí ẹ̀dá. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà yóò mú wá gba iṣẹ́ rẹ̀, mo tẹ M ńlá dípò m kékeré. Ta ló sọ fún mi pé M ńlá ni ìṣẹ́jú? Lọ́jọ́ kejì ni Ajíhìnrere ìjọ kan, tó gbé iṣẹ́ ìsọjí wá, dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gàní Déètì."

"Ẹ kú àárọ̀, Ajíhìnrere."

"Oṣù wo ni oṣù kẹtàdínláàádọ́ta?"

Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹtàdínláàádọ́ta. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo tẹ̀ ẹ́.

"Mo gbé e lọ bá Wòlíì wa," ó ní. "Wòlíì gbàdúrà títí, wọ́n ní àwọn náà ò rí oṣù yẹn."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Lẹ́tà òjé kò ṣe irú èyí sí mi rí. M ńlá nínú àpótí, M ni. Kì í di ìṣẹ́jú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá tún lọ ńkọ́? Bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Bí iná bá dé padà, tí mo bá bèèrè ọjọ́, yóò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 ni a wà. Lójoojúmọ́! Ọdún tí mò ń pọn omi fún Ọ̀gá ni ẹ̀rọ yìí ń dá mi padà sí. N ó tún jókòó, n ó tún un tẹ̀: oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra láìsí àlàfo, kí ọdún tó wá tẹ̀lé e. Bí o bá fi ọjọ́ ṣáájú oṣù, yóò kọ̀. Bí ọjọ́ náà kò bá sì ju méjìlá lọ, kò ní kọ̀, yóò gbà á láìsọ̀rọ̀, yóò sì máa parọ́ fún ọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Èwo ni ká bú nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí Táófíìkì rí i pé ó ń sú mi, ó ṣe mí lóore kan. Ó kọ fáìlì kékeré kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní ojo. Bí mo bá tẹ ojo, tí mo fi iye kan tì í, yóò bá mi wá ọjọ́ tí ó wà níwájú.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ojo, mẹ́ta. Ó ti gbé e. Ojo, ogójì. Ẹ ò ní máa wo kàlẹ́ńdà mọ́."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Oníbàárà yóò dúró, n ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta àti òǹkà, ọjọ́ yóò jáde bí idán, oníbàárà yóò la ẹnu. Ó lé ní ìdajì ọdún tí mo fi ń lò ó fún tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣẹlẹ̀: àwọn èèyàn máa ń yá dé ní ọjọ́ kan. Ìyá kan tí ń ta aṣọ òkè ní Oríta-mẹ́rin, tó gbé káàdì ẹgbẹ́ wọn wá, dé bá mi pé òun wá gba iṣẹ́ òun.

"Ọ̀la ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín, Ìyá."

"Ọjọ́ kẹta lo sọ fún mi lẹ́nu. Òní ni ọjọ́ kẹta."

"Ìyá, ẹ̀rọ ní ọ̀la ni."

"Ẹ̀rọ ìyá ta ni? Mo wá síbí ní Àìkú, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun! Ọmọ mélòó ni ẹ̀rọ rẹ bí?"

Mo bá a jà. Mo ní kò lọ sílé ìwé. Èmi tí mo dúró ní ìwé kẹrin! Lójú mi, gbogbo Ìbàdàn ni kò mọ ọjọ́ kà, àfi èmi àti ẹ̀rọ. Bí ẹni mẹ́wàá bá sọ fún ọ pé o ní ìrù, ó yẹ kí o bojú wẹ̀yìn. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Alhaji Gbàdàmọ́sí kú ní Àrẹ̀mọ. Oníṣòwò obì ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ọ̀rẹ́ Ọ̀gá mi láti kékeré. Wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ àgbà, Alhaja Sìfáwù, ti dé ìsọ̀ wa pẹ̀lú àna rẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ wú.

"Gàní, ọmọ mi, ọjọ́ kẹjọ Alhaji la fẹ́ tẹ̀. Igba káàdì. Èyí tó pọ̀ jù ń lọ sí Ìwó, ilé ìyá wọn. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, nítorí Àfáà Sànúsí."

Àfáà Sànúsí ni àbúrò olóògbé, arúgbó tó ń gbé ní Ìwó, tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́. Alhaja ní kí Alhaji tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Sànúsí ni kó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é." Àwọn ẹbí yóò sì gbé Àfáà wá pẹ̀lú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni ara rẹ̀ lè gba ìrìn-àjò náà.

Mo ní kí Alhaja fọkàn balẹ̀. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo tẹ ojo, mo tẹ ẹẹ́jọ. Ó kọ Ọjọ́rú jáde pẹ̀lú déètì rẹ̀. Mo to lẹ́tà, mo ti í sínú máṣìn.

Ọ̀gá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àga rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohun gbogbo. Ó ń sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìpariwo. Ó pè mí.

"Gàní. Ọjọ́ kẹjọ Gbàdà. Ṣé o kà á lọ́wọ́?"

Ẹ fetí sí mi níhìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́. Mi ò kà á lọ́wọ́. Ìka mẹ́wàá wà lọ́wọ́ mi, kò sí ẹni tó so wọ́n. Bí mo bá ká mẹ́jọ péré nínú wọn, kò ní gbà mí ní àkókò tí ènìyàn fi ń sín. Mo ní, "Mo kà á, sà."

Ó mi orí. "Ó dáa."

Àna Alhaja gba káàdì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò mọ̀wé. Gáréèjì ló gbà lọ tààrà, ó pín in fún àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìwó àti àwọn ìlú yòókù. Alhaja fúnra rẹ̀ kéú ló kà, kò ka lẹ́tà wa. Àwọn ará Àrẹ̀mọ kò nílò káàdì. Àwọn mọ ọjọ́ tó kú.

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, mo wẹ̀, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò àlàárì tuntun, mo dé fìlà, mo gba Àrẹ̀mọ lọ láti lọ jẹ fídáù. Mo ti rò ó bí n ó ṣe jókòó sí ibi tí àwọn èèyàn yóò ti máa sọ pé, "Ẹni tó tẹ káàdì rèé." Mo dé ibẹ̀, wọ́n ń tú àgọ́. Àwọn obìnrin ń fi eérú fọ ìkòkò. Ọmọkùnrin olóògbé, tí ń jẹ́ Múrí, ń ká ẹní.

Mo ní, "Múrí, kí lẹ ń tú àgọ́ sí? Ṣé ẹ ò ṣe é mọ́ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Gàní, àná la ṣe é."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Olúwa mi ló mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Mo fa káàdì yọ nínú àpò. "Ẹ̀yin ará Àrẹ̀mọ, ẹ ò mọ ọjọ́ kà! Òní ni. Ẹ wò ó níbí."

Múrí gba káàdì, ó kà á. Ó tún un kà. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àná, àwọn àgbà jókòó títí di ìrun ọ̀sán, wọ́n ń retí Bàbá Ìwó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tiẹ̀ bú wọn, pé wọ́n ta òkú ẹ̀gbọ́n wọn nù. Àfáà àdúgbò ló wá ṣe àdúrà." Ó wo ojú mi. "Káàdì yín lẹ fi pè wọ́n."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọkọ̀ akérò kan fi ya wọlé láti ojú títì. Àwọn ará Ìwó ni. Wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń kí wa kú ìpalẹ̀mọ́. Ọkùnrin méjì gbé Àfáà Sànúsí sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó wo àgọ́ tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Ó wo àwọn ìkòkò.

"Alhaja," ó ní, "ṣé a pẹ́ ni?"

Alhaja Sìfáwù fi ìborùn bojú. Múrí ló sọ fún un pé Ìṣẹ́gun ni Alhaji kú.

"Ìṣẹ́gun kẹ̀?" Bàbá náà ní. "Èmi ka káàdì sẹ́yìn ni. Mo rí Ọjọ́rú lára rẹ̀, mo ní Ọjọ́rú náà ló kú." Ó na ìka rẹ̀ gbígbẹ, ó ń kà á lójú wa, láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú, ẹẹ́jọ, bó ti yẹ. Kò ṣi ẹyọ kan kà. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun. Ó jókòó láàrín àwọn ìkòkò, ó gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn tó bá a wá ń ṣe àmín. Àwọn tó ń fọ ìkòkò náà dúró. Ó dára, Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà tí òkú bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ti lọ ní àná.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá. Ó dé, ó di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú. Ọ̀gá ti wá síbi fídáù ní Ìṣẹ́gun, òun fúnra rẹ̀ ti fi ìka rẹ̀ kà á; láti ilé rẹ̀ ló gbà lọ, mi ò mọ̀ ní ìsọ̀. Wọ́n ka ohun tó wà lára káàdì fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àfáà Sànúsí, agbádá rẹ̀ sì wọnú eérú tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò. Arúgbó dọ̀bálẹ̀ fún arúgbó, nítorí tèmi. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló rí mi?

"Dìde, Búráímọ̀," Àfáà ní. "Ọmọ ni."

"Kì í ṣe ọmọ, Àfáà," Ọ̀gá ní. "Mo bi í léèrè, ó ní òun kà á."

Nígbà tí a dé Bẹyẹrunka, ó tẹ́ ọwọ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò bá mi jà, gẹ́gẹ́ bó ti sọ.

Táófíìkì gbọ́, ó sáré wá. Mo bínú sí i, mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti pa mí. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Bọ̀ọ̀dá, kò ṣi kà. Ọjọ́ mẹ́jọ tó kọjá lẹ́yìn òní ló kà. Òní, òdo ni lójú ẹ̀."

"Òdo? Ọjọ́ tí wọ́n sin èèyàn?"

"Bó ṣe ń kà á nìyẹn."

"O ò sọ fún mi!"

"Ẹ ò bi mí."

Ó dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Mo jókòó sídìí fáìlì ojo yẹn lọ́jọ́ náà, mo ní kó fi hàn mí ibi tí òǹkà ti ń wọlé. Èmi ni mo sọ fún un, èmi tí mi ò dé ìwé karùn-ún, pé kí ó yọ ìkan kúrò nínú iye tí mo bá tẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní, "Ìyẹn náà ni." Ìlà kan péré. Ó ti pẹ́ jù.

Mo kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá kí ọdún náà tó parí. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé méjì sí i, ọ̀kan ní Bẹẹrẹ, ọ̀kan ní Oríta-mẹ́rin, títí ojú tèmi náà fi ní òun kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Kò sí ibi tí mo dé tí mi ò jẹ́ ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ bèèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀ kì í gbọ́. N ó ní kí wọ́n ka ìka, wọ́n á ní, "Bàbá, ó ti wà nínú ẹ̀rọ." N ó ní kí wọ́n bi oníbàárà pé ọjọ́ wo lòkú kú, wọ́n á máa wo aago. Ó ti sú mi, mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ kọ́ èyí tó bá wù yín, ìtẹ̀wé ni o, kọ̀ǹpútà ni o. Bí ẹ bá ti kà á, ẹ ní ẹ kà á. Bí ẹ ò bá kà á, ẹ má ní ẹ kà á.

Ohun tó sọnù nìyí. Igba káàdì. Ìrìn-àjò èrò mọ́kàndínlógójì láti Ìwó. Àdúrà kan tí olóògbé fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀, tí ẹni tó bẹ̀ pé kó ṣe é kò rí i ṣe ní ọjọ́ rẹ̀. Àfáà Sànúsí kò tún wọ Ìbàdàn mọ́ títí ó fi kú. Agboolé mẹ́fà ní Àrẹ̀mọ kò gbé iṣẹ́ wá fún wa mọ́. Ọdún méjìlélógún lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ìsọ̀ kan tí ì bá jẹ́ tèmi.